Kí Owó Ìwòsàn Ó Ṣáájú Àìsàn

Ọ̀rọ̀ sí ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àti sí àwọn tó ń ṣèjọba lórí wa ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá. Kì í ṣe owó títì, kì í ṣe owó iná. Owó tí èèyàn ń wá kiri lóru ni, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì sì ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n máa rà sínú bébà kan lé e lọ́wọ́. Kò sí agboolé kan láti Ìkàrẹ́ dé Ìwàrò Ọ̀kà tí kò mọ owó yẹn. A mọ ibi tí a ti ń wá a: lọ́dọ̀ alájọ, ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, lọ́dọ̀ ọmọ tó wà ní Èkó, lọ́dọ̀ olówó èlé tó ń ṣe ṣogúndogójì. Àwọn kan ń ta kòkó tó ṣì wà lórí igi. Àwọn mìíràn ń fi oko dógò. Nígbà tí owó náà bá sì pé, ó lè jẹ́ pé ẹni tí a torí rẹ̀ wá a ti kọjá lọ.

Nínú náírà 100 tí ìwòsàn ń ná orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ó lé ní 70 tó ń ti àpò aláìsàn àti àwọn ẹbí rẹ̀ jáde. Ìjọba, ilé iṣẹ́ àti gbogbo ètò adójútòfò ló pín ìyókù san. Ìdí nìyí tí àìsàn kan ṣoṣo fi lè sọ ilé tó ń jẹun di ilé tó ń tọrọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà kò pọ̀. Ìwòsàn tí a ń sanwó rẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ń pa wá. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí gómìnà fún wa nítorí pé àánú wa ṣe é kì í pẹ́ ju gómìnà náà lọ. A ti rí i, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀nà tó kù ni kí gbogbo wa dá owó náà jọ kí àìsàn tó dé, kí ìjọba san ti ẹni tí kò ní, kí òfin de owó náà débi pé ẹni tó wọlé tuntun sí Àkúrẹ́ kò ní lè tú u ká, kí ìṣirò rẹ̀ sì wà níbi tí ojú Ìkàrẹ́ àti ojú Ọ̀kà ti lè tó o.

Dókítà kan wà tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó. Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí Olúṣẹ́gun Mímíkò sí ní 1954. Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì dá ọsibítù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Oǹdó. Ẹni tó bá ní ọsibítù aládàáni ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé kankan kó tó mọ bí owó ṣe ń dá ikú dúró tàbí bí ó ṣe ń pè é wọlé. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ohun tó kù lápò. Ní 1992, nígbà tí Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, Gómìnà Bámidélé Olúmilúà fi í ṣe kọmíṣánnà ìlera. Ní 1999, Adébáyọ̀ Adéfáràtì di gómìnà, ó sì tún gbé ipò kan náà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé ọmọ Àkùngbá ni Adéfáràtì. Ọmọ Àkókó ló dá dókítà yìí padà sídìí iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ wa.

Oṣù Kejì 2009 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Mímíkò ló wọlé ìbò gómìnà 2007. Lọ́dún náà ni ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ́ dán an wò. Ohun tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti ń sọ nígbà náà ni pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aboyún: ó pẹ́ kó tó pinnu láti lọ sí ọsibítù, ó pẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Abíyè fi ẹ̀kẹrin kún un, ìyẹn ìdádúró tó máa ń wáyé nígbà tí ọsibítù kékeré bá ń darí rẹ̀ lọ sí ńlá. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù. Wọ́n yan àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ bá wọn nílé, nǹkan bí aboyún 25 fún òṣìṣẹ́ kan. Ní 2010, wọ́n ṣí Ọsibítù Ìyá àti Ọmọ sí Àkúrẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí ìkejì sí Oǹdó. Ọ̀fẹ́ ni ìbímọ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí ọmọ kò bá gba ojú ara jáde, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n tún ṣe òfin pé bí aboyún bá kú níbikíbi ní ìpínlẹ̀ yìí, kí wọ́n wádìí ohun tó pa á, láìṣe pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn ì bá ti ṣe.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó ṣe ni Agbẹ̀bíyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ kò tó ti ilé ńlá Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa kì í bímọ ní ọsibítù. Ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ni wọ́n ń lọ, tàbí ilé àdúrà. Ìjọba mìíràn ì bá ní kí ọlọ́pàá máa kó àwọn ìyá wọ̀nyí. Agbẹ̀bíyè wo ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá. Owó ìgbẹ̀bí ni wọ́n ń jẹ; bí wọ́n bá darí aboyún sí ọsibítù, oúnjẹ wọn ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, ìjọba ń san owó fún ìyá tó bá mú aboyún wá sí ọsibítù, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Ẹni tó ronú kan irú ètò yẹn mọ̀ pé ibi tí owó bá gbà ni ẹsẹ̀ èèyàn ń gbà. Ìmọ̀ yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tó ń ṣe òfin ìlera. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé ilé ni ìwòsàn, pé bí a bá ti kọ́ ọsibítù, tí a kùn ún lọ́dà, tí a gé tẹ́ẹ̀pù, iṣẹ́ ti parí.

Ìjọba rẹ̀ kéde pé ikú aboyún dínkù gan-an. Kódà bí a bá yọ àsọdùn tí ìjọba gbogbo máa ń fi sí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kúrò, obìnrin tó wọ Àkúrẹ́ láìní kọ́bọ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé láìjẹ gbèsè, kò nílò ìwé ìṣirò kó tó mọ ohun tó rí gbà.

Ṣùgbọ́n ètò náà ní àbùkù méjì. Àkọ́kọ́ ni pé Àkúrẹ́ àti Oǹdó nìkan ni àwọn ọsibítù náà wà. Ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Àkúrẹ́ lé ní kìlómítà 80, a ó gba Àkùngbá, a ó gba Ọ̀bà, a ó gba Ọ̀wọ̀. Obìnrin tí ọmọ ń mú ní Ọ̀kà lóru kò lè fi ọ̀nà yẹn ṣeré. Ọ̀fẹ́ tó wà nínú ilé kan ní ìlú kan, ẹni tó bá sún mọ́ ilé náà ló ní in. Bó bá jẹ́ pé owó ló ń tẹ̀ lé obìnrin, níbikíbi tó bá wà, Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìwàrò ì bá gba owó ìtọ́jú rẹ̀, Ọsibítù Àkànṣe Ìkàrẹ́ ì bá gbà á, ọsibítù aládàáni tó wà lójú títì wa ì bá gbà á bí ó bá kún ojú òṣùwọ̀n.

Àbùkù kejì ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Inú ìsúná ọdọọdún ni owó ọ̀fẹ́ náà ti ń wá, àpò kan náà tí owó oṣù olùkọ́ àti ti nọ́ọ̀sì ti ń jáde, owó epo rọ̀bì tí Àbújá ń pín ló sì ń kún àpò náà. Nígbà tí iye owó epo já wálẹ̀ ní 2015 àti 2016, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Oṣù Kejì 2017 ni Mímíkò gbé ìjọba sílẹ̀ fún Rótìmí Akérédolú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi owó lé ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ ní Ọsibítù Ìyá àti Ọmọ. Àwọn èèyàn pariwo. Ìjọba dáhùn pé kò sówó. Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́, òótọ́ méjèèjì náà ló sì dé bá aboyún lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù.

Àwọn àgbà àárín wa á ti rántí pé a ti ṣe irú eléyìí rí. Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin láti Ọ̀wọ̀ ló jẹ́ gómìnà wa láti 1979 sí 1983, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára nǹkan mẹ́rin tí Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ náà fi ṣe ìlérí, wọ́n sì mú un ṣẹ ní ọsibítù ìjọba. Àwọn ológun gba ìjọba ní 31 oṣù Kejìlá 1983. Kò pẹ́ rárá tí káàdì, abẹ́rẹ́ àti bẹ́ẹ̀dì fi di ohun tí à ń sanwó fún. Kò sẹ́ni tó bi wá. Kò sí òfin tí a lè gbé lọ sílé ẹjọ́, kò sí àpò kan tí a lè tọ́ka sí pé owó wa rèé, ẹ kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀bùn ni, ẹni tó fúnni sì ti lọ.

Àwọn dókítà mìíràn ti rí ewu yìí ṣáájú. Moses Májẹ̀kódùnmí, oníṣègùn ọmọ Abẹ́òkúta, ló jẹ́ mínísítà ìlera nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àbá adójútòfò ìlera kalẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1962. Èkó ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àbá náà kò fìdí múlẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni rògbòdìyàn bo Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, tí wọ́n fi òun kan náà ṣe alákòóso ẹkùn náà fún oṣù mélòó kan. Ọ̀rọ̀ adójútòfò wọ oorun ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà àwọn ọmọdé, tó di mínísítà ní 1985. Kò sí dókítà tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ú lọ nínú ìtàn ìlera Nàìjíríà. Ó mú ìlera lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ó ti abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́yìn títí ó fi dé àwọn abúlé. Síbẹ̀ àsìkò rẹ̀ ni àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Bamako ní 1987, tí wọ́n fẹnu kò pé kí aláìsàn máa san díẹ̀ lórí oògùn, kí owó náà má lọ sí ilé ìṣúra, kí ó dúró ní ilé ìlera náà láti fi ra oògùn mìíràn, kí ìgbìmọ̀ ará ìlú sì máa ṣọ́ ọ. Ìdajì ìmọ̀ràn yẹn dára púpọ̀, èmi yóò sì padà sórí rẹ̀: kí owó dúró níbi tí ìlú ti lè rí i. Ìdajì kejì ló bà wá jẹ́, nítorí pé ẹni tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ní kó sanwó, ní ọjọ́ tó ń ṣàìsàn, ọjọ́ tí kò lè lọ sóko.

Àwọn Yorùbá ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Òfin adójútòfò ìlera tó fẹ́ jẹ́ ká da omi síwájú jáde nígbẹ̀yìn ní 1999, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2005. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló jàǹfààní rẹ̀ jù: ìṣirò rẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ mú 5 wá nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ mú 10 wá, kí ọkọ, aya àti ọmọ mẹ́rin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ní owó oṣù. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu ní Ọ̀kà kò ní agbanisíṣẹ́. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìkàrẹ́, ta ni yóò bá a mú 10 wá?

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 gbìyànjú láti dáhùn. Ó ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán 1 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera àwọn tó wà nísàlẹ̀: apá kan láti sanwó ìtọ́jú, apá kan fún àwọn ilé ìlera alábọ́dé ní wọ́ọ̀dù, díẹ̀ fún pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí owó náà tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tirẹ̀, ó dá àjọ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera sílẹ̀. Dókítà ni kọmíṣánnà ìlera tó wà nídìí rẹ̀ nígbà náà, Wahab Adégbénró, ẹni tí àrùn Kòrónà pa ní oṣù Keje 2020 lẹ́nu iṣẹ́. Lábẹ́ àjọ yìí ni ìjọba Akérédolú ti padà wá gbé ètò Abiyamọ kalẹ̀ fún aboyún àti ọmọdé. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, tó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, òfin ti wà. Ohun tí Mímíkò fi àánú ṣe, òfin ti ní kí a ṣe é. Ohun tó kù ni kí òfin náà gun òkè Àkókó wá bá wa.

Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá débí

Àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ ni pé: "Bí mo bá san, tí n kò sì ṣàìsàn lọ́dún yẹn, owó mi dà?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A mọ àjọ, a mọ èésú. Nínú àwọn méjèèjì, ohun tí o bá dá ni wàá kó. Adójútòfò ìlera kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí o dá, ẹlòmíràn lè kó o, ìwọ náà sì lè kó ohun tó ju tìrẹ lọ ní ìlọ́po ogún. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan wò ó, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní èèyàn 1,000 ní àdúgbò kan dá náírà 12,000 lọ́dún, ìyẹn 1,000 lóṣù. Mílíọ̀nù 12 nìyẹn. Ká ní 30 nínú wọn nílò iṣẹ́ abẹ lọ́dún náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200,000. Mílíọ̀nù 6 lọ. Mílíọ̀nù 6 kù fún ibà, fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ìgbẹ̀bí. Kò sẹ́ni tó ta oko. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn tó mọ̀ pé àìsàn wà lára àwọn nìkan ló forúkọ sílẹ̀, ká ní wọ́n jẹ́ 100. Mílíọ̀nù kan àti 200,000 ni wọ́n lè dá, iṣẹ́ abẹ náà kò sì dín ní 30. Àpò náà ti ya nìyẹn kí ọdún tó dé ìdajì. Ìdí tí òfin 2022 fi ní dandan ni èyí. Àpò tí aláìsàn nìkan wà nínú rẹ̀ kò lè dúró, dókítà yòówù kó ṣètò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìgbàgbọ́. Àwọn kan ní a kì í dá owó àìsàn sílẹ̀, pé bí ẹni ń pe àìsàn wálé ni. Ìlú onígbàgbọ́ ni ìlú wa. Mùsùlùmí kún Ìkàrẹ́, àwọn Kátólíìkì sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà lórí Òkè Màríà ní Ọ̀kà. Kò sí ìgbàgbọ́ kankan nínú wọn tó ní ká má ran aláìsàn lọ́wọ́. Ẹni tó dá owó tí kò sì ṣàìsàn, aládùúgbò rẹ̀ tó ṣàìsàn ló fún. Mo rọ àwọn pásítọ̀, àwọn fádà àti àwọn ìmáàmù pé kí wọ́n sọ èyí ketekete lórí pẹpẹ àti lórí mínńbà. Kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí máa san owó ọdún kan fún àwọn opó àti àwọn arúgbó tó wà láàárín wọn. Sàráà tó wúlò ni.

Ẹ̀kẹta ló lágbára jù, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: wọ́n ní wọ́n máa jẹ owó náà. A ti rí àjọ tó fọ́. A ti rí ìjọba tó yọ owó lẹ́nu òṣìṣẹ́ fún ilé, fún fẹ̀yìntì, tí owó náà kò sì padà. Àgbẹ̀ tó bá kọ̀ láti dá owó nítorí èyí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ẹni tó ń rántí ni. Ìbéèrè ni pé kí la máa ṣe tí owó náà kò fi ní ṣeé jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo Gánà fún ìṣẹ́jú kan. Ní 2003, lábẹ́ Ààrẹ Kufuor, wọ́n ṣe òfin adójútòfò ìlera, wọ́n sì fi 2 àbọ̀ nínú 100 lé orí ọjà tí wọ́n ń tà, pé ti ìlera ni. Láti 2008, aboyún kì í san nǹkan kan láti wọ inú ètò náà. Ẹgbẹ́ òṣèlú ti gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn níbẹ̀ léraléra látìgbà náà: Mills dé, Mahama dé, Akufo-Addo dé, Mahama tún padà. Ètò náà ń bẹ. Kò pé: àwọn ọsibítù ń ráhùn pé owó wọn ń pẹ́, ìjọba kan tilẹ̀ ṣe òfin ní 2017 tó jẹ́ kí wọ́n máa dá lára owó náà dúró. Ṣùgbọ́n kò sí ààrẹ kan tó lè jí lówùúrọ̀ kó ní òun fòpin sí i, nítorí pé owó náà ní orúkọ, ó ní orísun, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí wé Abíyè tí ìyípadà ìjọba kan ṣoṣo dà rú.

Ní ìtòsí wa, ní Kwara, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Shonga ní 2007, tí ilé iṣẹ́ Hygeia ń bójú tó, owó láti Netherlands sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Díẹ̀ ni àgbẹ̀ ń san nígbà náà, ìyókù ń ti ọ̀dọ̀ olùrànlọ́wọ́ àti ìjọba ìpínlẹ̀ wá. Ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní àdúgbò tí ètò náà wà lọ sílẹ̀ ju ti àdúgbò tí kò sí lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn títí yóò fi gbé e ṣubú. Kò sẹ́ni tó máa ta iṣu lọ ra oògùn ohun tí kò dùn ún. Bí owó oògùn bá ti wà nílẹ̀ ṣáájú, yóò lò ó. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ni rọpá-rọsẹ̀ ti gbé ṣánlẹ̀ lójijì tí a ní ayé ló ṣe é?

Ohun tí a ń béèrè

A fẹ́ kí wọ́n wá bá wa níbi tí owó ti ń kọjá lọ́wọ́ wa. Àgbẹ̀ kòkó kì í rí owó lóṣooṣù. Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ló ń rí i. Kí wọ́n gba ti ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ní ibi tí ó ti ń ta kòkó, kí wọ́n má wá a wá ní oṣù Keje tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ọlọ́jà mọ alájọ rẹ̀. Kí àjọ adójútòfò bá àwọn ìyálọ́jà àti àwọn alájọ ṣàdéhùn, kí wọ́n máa gba díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́. Awakọ̀ àti ọlọ́kadà ń já tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀. Ara rẹ̀ ni kí ti ìlera ti jáde. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Àbújá, ní London, ẹ̀yin tí fóònù ń jí lóru pé màmá ti wà ní ọsibítù: ẹ san ti màmá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn tó ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè (NIN), ọ̀pọ̀ arúgbó wa kò sì ní in. Nítorí náà, kí àwọn tó ń ṣe NIN àti àwọn tó ń forúkọ ìlera sílẹ̀ jókòó sórí tábìlì kan náà lọ́jọ́ ọjà.

Lórí bí a ó ṣe san owó fún ọsibítù, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ètò tó dára ti máa ń bàjẹ́. Ilé ìlera kékeré máa ń gba iye kan lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú ìwé orúkọ rẹ̀, yálà onítọ̀hún ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Ó rọrùn, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n fún wa ní abẹ́rẹ́ tí a kò nílò. Ewu rẹ̀ ni pé dókítà ti gba owó, ó lè má fẹ́ rí wa mọ́. Ọsibítù ńlá ní tirẹ̀ ń gba owó lórí iṣẹ́ tó bá ṣe. Ewu tibẹ̀ ni pé wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò márùn-ún níbi tí ọ̀kan ti tó. Ọ̀nà méjèèjì nílò ẹni tó ń wò wọ́n lójú. Bí owó kò bá sì dé ọsibítù lásìkò, kò sí ọ̀nà tó lè ṣiṣẹ́, wọn yóò sọ fún ẹni tó ní káàdì pé oògùn ti tán, kó lọ rà á níta. Kí òfin ìpínlẹ̀ wa dá ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ dé, kí àjọ tó bá kọjá ọjọ́ náà san ìtanràn.

Ta ni yóò wò wọ́n lójú? Àwa ni. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ti wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìjọba, ó sì bá ìmọ̀ràn Bamako mu. A fẹ́ kí ó wà lójú ayé pẹ̀lú. Kí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, kí ìyálọ́jà kan wà níbẹ̀, kí olùkọ́ kan láti yunifásítì Àkùngbá tó mọ ìṣirò wà níbẹ̀, kí a má fi olóṣèlú ṣe alága. Lóṣooṣù, kí wọ́n lẹ bébà mọ́ ara ògiri Ọsibítù Àkànṣe Ìkàrẹ́ àti Jẹ́nẹ́rà Ìwàrò: iye orúkọ tó wà nínú ìwé, iye owó tó wọlé, ọjọ́ tó wọlé, ohun tí wọ́n fi ṣe. Kí wọ́n kà á sókè láàfin Ọwá-Alé, kí wọ́n kà á láàfin Olúkàrẹ́, kí wọ́n kà á láàfin Olúbàkà, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì kò lè dúró de ìgbà tí gbogbo èyí bá tò. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan pàdánù ìjánu, ó sì pa àwọn èèyàn níwájú yunifásítì ní Àkùngbá, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, tó dákú, ta ni yóò bá a san owó àsansílẹ̀? Òfin 2014 kà á léèwọ̀ fún ọsibítù kankan láti kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọsibítù tó bá tọ́jú àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò sẹ́ni tó san owó rẹ̀ padà yóò wá ọ̀nà láti yẹra fún èkejì. Owó pàjáwìrì wà nínú òfin kan náà. Kí apá tiwa dé Ìkàrẹ́ àti Ìwàrò, kó wà nílẹ̀, kí ọsibítù tó bá gba ẹni tó fara pa lójú ọ̀nà yìí rí owó rẹ̀ gbà láàárín oṣù kan.

Bí gbogbo èèyàn kò bá lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí orúkọ aboyún ṣáájú, kí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn arúgbó tí kò lọ́mọ nítòsí àti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ìjọba ni kó san ti àwọn wọ̀nyí, láti inú owó tí òfin ti yà sọ́tọ̀. Kí àwọn aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ wá jókòó pẹ̀lú wa ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, kí wọ́n mú ìwé wá, kí wọ́n fi iye orúkọ tó ti wọlé láti ìjọba ìbílẹ̀ wa méjèèjì hàn wá, àti ọjọ́ tí ìyókù yóò wọlé. Àwa fẹ́ kí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ti wà ní ọjà kí kòkó tó jáde ní oṣù Kẹwàá.